Oògùn Màmá ní Òdìkejì Ẹnubodè

Àsìkò tí wọ́n ti ẹnubodè pa ni ìyàwó mi kú. Títì tó lọ sí Ìmẹ̀kọ dákẹ́ nígbà náà débi pé ewúrẹ́ ń sùn láàárín ọ̀dà. Mo máa ń jókòó síwájú ilé wa ní Ayétòrò tí ọyẹ́ á bo gbogbo nǹkan, bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bọ̀ lókèèrè, n ó rò pé òun ni. Nínú ọyẹ́, gbogbo obìnrin ló ń rìn bí i tirẹ̀ títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ mi.

A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, lábẹ́ igi ọsàn tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Màmá ń gbé ní abúlé Kétu kan ní òdìkejì, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, a kì í sì í túfọ̀ ọmọ fún arúgbó. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin ló fi àṣẹ lé e.

"Àna, ẹ gbọ́ o. Bí Màmá bá béèrè ọmọ wọn, ẹ ní ọ̀fun ló ń dùn ún, kò lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bọ́dà tí wọ́n tì ni kò sì jẹ́ kó lè wá. Bí wọ́n bá gbọ́ òótọ́, ẹ̀mí wọn lọ nìyẹn."

Mo gbà. N kò ní agbára tí mo lè fi jiyàn.

Ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá tán. Ọmọkùnrin wa ló máa ń fi í ránṣẹ́ sí wa ní Ayétòrò. Ó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, ní ilé ìwádìí kan tí wọ́n ti ń wá bí ènìyàn ṣe lè pẹ́ láyé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo rántí ọjọ́ tó ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá ìyá rẹ̀. Ọ̀nà ṣì là nígbà náà, Màmá wà lọ́dọ̀ wa, ìyàwó mi ló bá a di fóònù mú.

"Màmá, bí a bá rí i ṣe, ẹ ó lò tó àádọ́jọ ọdún."

"Èmi àti ta ni?"

"Ẹ̀yin ná, Màmá. Ó máa wọ́n díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀."

"Ẹn-ẹ́n. Kí àwọn olówó jókòó sórí àga kí wọ́n má dìde mọ́, kí àwọn ọmọ máa nàró tì wọ́n títí ewú á fi bo tiwọn náà lórí. Èmi ńkọ́? Kí n máa dá wà bí igi tí wọ́n dá sí láàárín oko? Akọ̀wé, lọ wá oògùn tó ń mú eyín hù ná!"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni mo ń gbọ́ nínú ọyẹ́.

Kò sí ẹlòmíràn tó lè gbé oògùn náà lọ. Ọ̀kadà gbé mi kọjá Ìmẹ̀kọ, mo sì bá àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn wà lódìkejì gba ọ̀nà oko. Kì í ṣe sójà ni mo ń bẹ̀rù. Ojú mi ni mo ń bẹ̀rù, kó má lọ sọ ohun tí ẹnu mi ti pa mọ́, kí ó sì gba ẹ̀mí arúgbó. Koríko kan náà ló wà nìhín-ín àti lọ́hùn-ún. Ibi tí àwọn ọmọdé ti fi Faransé kí mi pé "Bọ́njúù, Bàbá" ni mo fi mọ̀ pé mo ti kọjá.

Màmá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

"Ọ̀fun rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ṣì ń dùn ún díẹ̀, Màmá."

Aládùúgbò tó ń tọ́jú rẹ̀ wọlé lọ bu omi fún mi. Màmá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Nígbà tí àkọ́bí mi kú, ọ̀fun ni wọ́n ní ó ń dùn ún. Èyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀fun. Ọmọ mi ọkùnrin yẹn, ṣé irọ́ kan ṣoṣo ló mọ̀ ni?"

Mo la ẹnu. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Má sọ ọ́. Bí o bá sọ ọ́, tí mo bá kú lọ́la, wọ́n á ní ìwọ lo pa mí."

Omi dé. Ó ní kí n gbé oògùn náà wá.

"Ṣé ẹ fẹ́ lò ó, Màmá?"

"Bí mi ò bá lò ó, kí ni Akọ̀wé máa sọ pé òun ń ṣe lókè òkun?"

Ó gbé e mì bí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn gbé ẹrù. Oòrùn funfun nínú ọyẹ́ bí òṣùpá. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe àmín sí àdúrà ẹ̀mí gígùn, n kò sì ronú rí pé ẹni tí àdúrà náà bá gbà fún ni yóò máa sin àwọn yòókù.

Nígbà tí mo dìde, ó kù díẹ̀ kí n sọ pé, "Ẹ ó pẹ́ fún wa." Ó wò mí, ó sì gbé ohùn sókè kí aládùúgbò rẹ̀ lè gbọ́, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń lọ:

"Bá mi kí ọmọ mi o!"

"Á gbọ́, Màmá."

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mo délé. Mo lọ sábẹ́ igi ọsàn, mo jẹ́ iṣẹ́ tí Màmá rán mi sí i.