Eérú fún Ilẹ̀ Kíkan

Kí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tó wà nísàlẹ̀ òkè Krušné tó fi asẹ́ sẹ́nu ihò ẹfín rẹ̀, aṣọ funfun kì í gbẹ ní funfun lábúlé wa. Ẹfín èédú yẹn ló pa igbó smrk, igi tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Jindřich, ọkọ Zdislava Hrubá, wà lára àwọn tó gé òkú igi náà lulẹ̀. Kó tó kú, ó bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó má fi òkè ẹ̀yìnkùlé wọn sílẹ̀ ní ìhòòhò. Wọn ò bímọ.

Zdislava, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, gbin smrk tuntun síbẹ̀. Lọ́dọọdún, tí àlùfáà bá ti fi eérú sàmì sí wa níwájú orí ní Ọjọ́rú Eérú, á kó eérú igi inú ààrò rẹ̀ sí korobá, á gbé e gun òkè lọ fún wọn.

Vojta tó ń ta bíà á ní, "Màmá, ọbẹ̀ wo lẹ sè fún wọn lónìí?"

"Èyí tí ìyàwó ẹ ò lè sè. Wo bó o ṣe gbẹ."

Nígbà tí ẹfín dáwọ́ dúró, èmi tí mò ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni mo lu agogo ìdúpẹ́. A ní Olúwa ti wo òkè wa sàn. Orúnkún ń dun Màmá, ó gbé korobá kọ́.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ewé àwọn igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó pe Radim, olùṣọ́ igbó. Radim gbẹ́lẹ̀, ó bu erùpẹ̀ tó ti ṣí bí aṣọ àfọ̀jù.

"Ilẹ̀ yìí ṣì kan bí ọtí kíkan, Màmá."

"Ṣebí ẹfín ti lọ."

"Ẹfín lọ. Ohun tí òjò rẹ̀ dà sílẹ̀ látọdúnmọ́dún kò lọ. Ó ti fọ oúnjẹ ilẹ̀ dànù, ó sì tú májèlé inú òkúta sílẹ̀ fún gbòǹgbò mu. Tí ẹfín ò bá dúró ni, ì bá burú jù báyìí. Àmọ́ òjò mímọ́ kò lè tètè dá ohun tó ti lọ padà. Eérú yín, tó ń pa kíkan ilẹ̀, wà lára ohun tó gbé ẹ̀mí wọn ró dé ibí."

"Ìgbà wo ni ilẹ̀ á sàn?"

"Bóyá lójú àwọn ọmọ ọmọ yín."

"Mi ò bímọ, Radim. Àwọn tó dúró yìí ni mo ní."

Radim da erùpẹ̀ náà padà sínú kòtò.

Mo gbà pé tí Ọlọ́run bá dárí jini, ó ti parí. Kí ló wá dé tí ilẹ̀, tí kò dẹ́ṣẹ̀, ṣì ń jìyà? Mo ti bi í. Kò tíì dáhùn. Mi ò tíì ṣíwọ́ agogo lílù.

Ní Ọjọ́rú Eérú ọdún yìí, Màmá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àmì níwájú orí, ó lọ gbé korobá rẹ̀. Yìnyín ti ń yọ́. Mo bá a dì í mú lápá kan.

"Ṣé o gbà pé eérú yìí ṣì máa gbà wọ́n là?"

"Mò ń gbàdúrà, Màmá."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ẹ́."

A gbé e gun òkè. Odò tó ń ti inú igbó ṣàn wá mọ́ gaara, a ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹja kan níbẹ̀. Màmá kọjá rẹ̀, ó na ọwọ́ sí smrk àkọ́kọ́. Kò sí atẹ́gùn, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀ dà sílẹ̀ sórí gèlè Màmá. Ó bu eérú sí i nídìí, ó bọ́ sí ìkejì.