Aṣọ Ìrù Bàálù

Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti fi abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́ ni mo ti mọ̀ pé aṣọ tuntun kì í kan ẹ̀rọ kó tó kan omi. Rẹ ẹ́, sá a, kó súnkì tán níwájú rẹ, kí oníbàárà má baà fi ariwo gbé e padà wá. Ní Kantamanto, ọjà òkìrìkà ní Accra, níbi tí mo ti ń tún àwọ̀kù òyìnbó ṣe, òfin ni.

Òfin yìí ló bá mi ba iṣẹ́ bàálù jẹ́. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí wíwa bàálù ló wá mi wá. Ó ní bàálù kan tí wọ́n fi ju bọ́ǹbù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó fẹ́ kó tún fò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì wà á. Irin ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ọ̀gbọ̀ ló bo apá ìrù tí awakọ̀ fi ń yí i sọ́tùn-ún sósì. Mo rẹ aṣọ náà kí n tó rán an, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí. N kò mọ̀ pé lẹ́yìn rírán ló yẹ kó súnkì, nígbà tí wọ́n bá kun ọ̀dà sí i, kó lè fà le. Tèmi ti súnkì tán nínú báàfù. A kùn ún títí, ó ṣì dẹ̀ bí ikùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Bàbá náà ò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

"Maame," ó ní, "aṣọ tó kù ò ju èyí tí a lè fi rán an lẹ́ẹ̀kan péré lọ. Jẹ́ kí n fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, kí wọ́n rán an níbẹ̀."

"Papa, ẹ ò fi ránṣẹ́ síbì kankan. Èmi tí mo bà á jẹ́ ni mo máa tún un ṣe."

"Tó bá ya lókè, èmi ló wà nínú ẹ̀ o."

"Mo mọ̀."

Àwọn ará ìsọ̀ mi, tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Anago, ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Anago fẹ́ já bàálù lulẹ̀!" Mo tú gbogbo rẹ̀, mo gé aṣọ gbígbẹ, mo sì fi ọwọ́ rán an, mo ń ta á ní kókó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan má baà tú kó fa èkejì. Ìka mi bó. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, mo fi èékánná ta á, ó dún bí awọ ìlù tó le.

Lọ́jọ́ tí bàbá náà gbé e gòkè, àwọn èèyàn ń wo bàálù. Ìrù nìkan lèmi ń wò. Nígbà tó yí lórí òkun, ẹ̀rù bà mí débi pé ìyàwó bàbá náà, tí kò mọ̀ mí rí, di ọwọ́ mi mú.

Nígbà tó balẹ̀, bàbá náà rìn tààrà lọ sídìí ìrù, ó fọwọ́ gbá aṣọ náà, ó sì juwọ́ sí mi. Ni ẹkún bá gbọ̀n mí. Ìyàwó rẹ̀ bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí bàálù yìí.

Mo ní, "Télọ̀ rẹ̀ ni mí."