Búrẹ́dì Faransé Tí Bàbá Mi Fi Ẹmu Wú

Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, òórùn ẹmu ló máa ń kún ilé wa láàárọ̀ Sátidé. Kì í ṣe ẹnu ẹnikẹ́ni ló ti ń wá. Inú abọ́ ńlá kan ni, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi, ní yàrá kan àti pálọ̀ tí a háyà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀, bí ìgbà tí omi ògì ọjọ́ kẹta bá pàdé ọsàn tó pọ́n jù. Bí mo bá ti gbọ́ òórùn yẹn, mo mọ̀ pé bàbá mi, Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Má-Fọwọ́-Kan-Ọtí ti ìjọ wa, ti ká apá aṣọ sókè, wọ́n fẹ́ po búrẹ́dì àwọn Faransé.

Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ á rántí ọdún tí ìjọba ní kí àlìkámà òkè òkun má wọ̀lú mọ́. Búrẹ́dì wọ́n, ó sì kéré. Èyí tí a bá rí rà, wọ́n á ti fi ìyẹ̀fun àgbàdo lú u, bí èèyàn bá sì gé e, á fọ́ wẹ́wẹ́ bí amọ̀ gbígbẹ. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Yaba, wọn kò sì tíì se ẹyin rí láyé wọn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú ewé magasíìnì obìnrin òyìnbó ni oníàkàrà fi di àkàrà tí a rà. Lábẹ́ epo, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ bí a ṣe ń ṣe búrẹ́dì Faransé nínú ilé ẹni ní wákàtí kan ààbọ̀ péré. Bàbá mi kà á, wọ́n tún un kà, wọ́n nu epo ara rẹ̀, wọ́n sì fi pín-ìn-nì kọ́ ọ mọ́ ara kàlẹ́ńdà. Àkàrà tutù sórí tábìlì.

"Wákàtí kan ààbọ̀, Ìyá Bọ́sẹ̀," ni wọ́n wí. "Nǹkan tí àwọn oníbúrẹ́dì ń fi odidi òru ṣe."

Ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ ní Tejúoṣó, kò gbójú sókè. "Ìkánjú òun pẹ̀lẹ́, ọgbọọgba ni," ni wọ́n fèsì. Òwe yẹn ni wọ́n máa ń lò fún gbogbo nǹkan, láti orí ìrẹsì tí kò tíì jinná títí dé orí ọmọge tó ń sáré lọ sílé ọkọ.

Búrẹ́dì wákàtí kan ààbọ̀ yìí gba bàbá mi ní ọ̀sẹ̀ méje. Agolo ìyan-búrẹ́dì tí wọ́n yà sínú ìwé náà gùn, ó sì ní ikùn bí ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n wá a títí ní Tejúoṣó, wọn kò rí i. Ni wọ́n bá gba ọjà ẹ̀yà mọ́tò ní Ládìpọ̀ lọ, wọ́n ra páìpù tí èéfín mọ́tò ń gbà jáde, wọ́n ní kí wẹ́dà là á sí méjì lóòró. Wọ́n fi eérú fọ̀ ọ́, wọ́n sè é, wọ́n sì fi iná jó o. Síbẹ̀, búrẹ́dì mẹ́ta àkọ́kọ́ ní òórùn mọ́tò nínú. Ìkòkò irin ńlá ni ààrò wa: yanrìn gíga ìka méjì nísàlẹ̀, ẹyin iná lórí ìdérí, agolo omi kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ kí ooru rẹ̀ lè mú èèpo búrẹ́dì dán. Èmi ni mo ń wọn nǹkan, mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Agolo mílíìkì mẹ́rin ìyẹ̀fun. Agolo kan ààbọ̀ omi. Ṣíbí iyọ̀ kan, tí a fi ọ̀bẹ gbá orí rẹ̀. Kò sí ṣúgà, kò sí bọ́tà rárá. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé ní kíláàsì, bí olùkọ́ bá ní ká sọ ohun tí a mọ̀ nípa ìwọ̀n, ọwọ́ mi ló máa ń kọ́kọ́ lọ sókè, kò sì sẹ́ni tó ń pè mí.

Yíìsì tó ń mú búrẹ́dì wú ni kò sí. Èyí tí a rí rà ti pẹ́ nínú agolo ju bó ṣe yẹ lọ. A fi í sínú ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun náà dùbúlẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn òfò. Ìyá Sẹ̀tónjí, ará Badagry tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ kàn ń da ara yín láàmú. Ẹmu ni kí ẹ fi wú u. Ẹmu àárọ̀, kó má tíì kan."

"Ẹmu kẹ̀? Èmi?"

"Ta ló ní kí ẹ mu ún?"

Bàbá mi fi ọjọ́ mẹ́ta rò ó. Ní Sátidé, kí aago mẹ́fà tó lù, wọ́n jí mi, wọ́n ní kí n wọ aṣọ ilé-ìwé. Wọ́n yọ Bíbélì kúrò nínú báàgì tí wọ́n fi ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ṣágo kékeré kan rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá rí wa á rò pé wọ́n ń sìn mí lọ sílé-ìwé ni. Lọ́jọ́ Sátidé. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ni ẹlẹ́mu máa ń jókòó. Bàbá mi kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n na ṣágo sẹ́yìn, wọ́n sì ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rò pé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni. Ẹlẹ́mu náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kàn ń bu ẹmu.

Agolo ẹmu kan, ààbọ̀ agolo omi. Lọ́jọ́ yẹn, ìyẹ̀fun náà wú títí ó fi gbé aṣọ orí abọ́ sókè. Nígbà tí a ṣí ìkòkò, búrẹ́dì náà gùn, ó pọ́n bí ìgbà tí oòrùn ń wọ̀, èèpo rẹ̀ sì ń ta pàràpàrà fúnra rẹ̀ bó ṣe ń tutù. Mo gbé etí mi sí i. Ìyá mi ní ó jọ igi ìdáná. Wọ́n jẹ ègé mẹ́ta.

Àsìkò yẹn náà ni ìjọ wa fẹ́ yan Bàbá Ìjọ tuntun. Orúkọ méjì ló wà nílẹ̀, ti bàbá mi àti ti Alàgbà Àkànbí. Bàbá mi fẹ́ oyè náà débi pé wọ́n ti ń fi ìrìn rẹ̀ dánra wò ní kọ́rídọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló lè gbà á lọ́wọ́ wọn, ohun náà sì wà nínú báàgì Bíbélì wọn ní gbogbo àárọ̀ Sátidé.

Ní Sátidé kẹfà tí a lọ ra ẹmu, bí a ti ń kúrò lọ́dọ̀ ẹlẹ́mu, tí ọrùn ṣágo yọ jáde lẹ́nu báàgì, Alàgbà Àkànbí fúnra wọn ló ń bọ̀ lápá kejì. Wọ́n wo ṣágo. Wọ́n wo aṣọ ilé-ìwé ọrùn mi.

"Akọ̀wé, ẹ kú àárọ̀ o."

"Ẹ kú àárọ̀, sà."

Títí di òní, n kò tíì rí ẹni tó béèrè ohun tí Alàgbà ń wá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà láago mẹ́fà àárọ̀.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, Alàgbà ti dé ilé wa pẹ̀lú Ìyá Ìjọ, obìnrin kan tó sanra, tí ohùn wọn tutù. Bàbá mi ṣe ohun tí gbogbo Yorùbá ń ṣe bí ẹ̀rù bá bà wọ́n níwájú àlejò. Wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀. Búrẹ́dì àárọ̀ ọjọ́ náà kò tíì tutù tán. Ìyá Ìjọ jẹ ọ̀kan, wọ́n mú èkejì. "Irú búrẹ́dì wo nìyí? Ẹ̀yìn rẹ̀ le, inú rẹ̀ dẹ̀ bí òwú." Ẹnu Alàgbà kún. Ègé mẹ́fà ni wọ́n jẹ. Mo kà á.

Nígbà tó yá, Alàgbà nu ẹnu. "Akọ̀wé, nǹkan kan ń rùn nínú ilé yìí. A sì rí yín láàárọ̀."

Bàbá mi wo abọ́ búrẹ́dì, wọ́n wo ilẹ̀. "Ìyàwó mi ni, sà," ni wọ́n wí. "Ó ń fi ẹmu rẹ egbòogi. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún."

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò tíì lọ́wọ́. Wọ́n wo bàbá mi. Ìwò náà pẹ́ tó ìgbà tí èèyàn lè fi ka Àdúrà Olúwa dé ìdajì. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni wọ́n wá wí. "Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Alàgbà yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ọmọdé kì í purọ́. Ta ló ń mu ẹmu nínú ilé yìí?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹnì kan bi mí nípa iṣẹ́ náà. "Búrẹ́dì ni, sà," ni mo dáhùn. "Agolo kan la máa ń fún un mu. Bó bá jẹ́ ẹmu àná, kì í tó agolo kan, torí ó máa ń kan." Mo ní kí n lọ mú ìwé mi wá.

Ẹnu Ìyá Ìjọ dúró lórí ègé kẹrin. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yí ká, tó ń wá ibi tó máa jókòó sí. Bó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ìjọ ti jẹ ẹmu, ó sì ti yó. Ìyá Ìjọ wo èyí tó kù lọ́wọ́ wọn. Wọn kò lè gbé e sílẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbé e sílẹ̀ ti gbà pé ẹmu wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán.

"Ọmọ yìí ń purọ́," ni wọ́n wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ó fẹ́ fi bo ìyá rẹ̀ ni."

Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, wọ́n sì gbàdúrà kí ẹ̀mí irọ́ kúrò lára mi. Bàbá mi ló ṣe "Àmín" tó dún jù. Wọ́n ní kí ìyá mi máa jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dìbò, bàbá mi ló wọlé. Wọ́n ní ọkùnrin tó bá lè fara da irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ yóò lè fara da ìjọ.

Nígbà tí àlejò lọ, mo sunkún lẹ́yìn ilé títí ìyá mi fi wá bá mi. "Òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ má tìtorí ìyẹn palẹ̀ ọjà rẹ mọ́."

Ní Sátidé tó tẹ̀lé ìwúyè, Bàbá Ìjọ kéde pé iṣẹ́ búrẹ́dì ti parí nínú ilé àwọn. Láago mẹ́wàá, nígbà tí àdúgbò ti jí tán, ìyá mi gbé ṣágo lọ́wọ́ láìfi nǹkan bò ó, wọ́n ní, "Bọ́sẹ̀, mú ìwé rẹ." Gbogbo ẹni tí a pàdé ni wọ́n kí. Obìnrin kan láti ìjọ ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹmu kẹ̀?"

"Ẹ ò tíì gbọ́ ni? Wọ́n ti fìyà rẹ̀ jẹ mí. Ẹ jẹ́ kí n jẹ ìgbádùn rẹ̀ náà."

Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ṣe é. Ìyá mi sọ wákàtí kan ààbọ̀ di wákàtí mẹ́rin, búrẹ́dì náà sì dára ju ti bàbá mi lọ ní ìlọ́po méjì. Bàbá Ìjọ ń jẹ ẹ́ ní gbogbo àárọ̀ Sọ́ńdè kí wọ́n tó lọ jókòó níwájú. Wọn kò bi wá léèrè ohun tí a fi ṣe é.

Nísinsìnyí, mo ní ààrò gáàsì, mo ní ìwọ̀n tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ohun alààyè tín-ín-tìn-ìn tó ń gbé inú ẹmu, tó ń wú ìyẹ̀fun. Mo mọ ìdí tí èèpo fi ń ta. Àwọn èèyàn ń wá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Surulere. Ẹmu ni mo ṣì ń lò fún èyí tí mo bá ṣe nílé. Mo sì ti di ẹni tó ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì tèmi.

Lóṣù tó kọjá, ìyàwó pásítọ̀ wa wá kí mi. Wọ́n jẹ ègé kìíní, wọ́n pa ojú dé. "Àǹtí Bọ́sẹ̀, kí lẹ fi ṣe é tó dùn báyìí?"

Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn kò mọ ìdá mẹ́wàá ohun tí mo mọ̀ nípa búrẹ́dì. Bó bá jẹ́ òun ni wọ́n bi, òun ì bá ti dìde lọ mú ìwé rẹ̀ wá.

"Yíìsì ni, Màmá," ni mo wí. "Yíìsì òkè òkun." Mo sì yára bu tíì sí i fún wọn, bí bàbá mi ì bá ti ṣe gẹ́lẹ́.