Ohun Tí Ọwọ́ Wòsílátù Mọ̀

Ẹ bi gbogbo obìnrin Ìdímù nígbà náà pé ta ló mọ irun dì jù, Wòsílátù afọ́jú ni wọn yóò júwe fún yín. Ojú rẹ̀ ti fọ́ kó tó mọ ìrìn, síbẹ̀ ìlà tó bá là sí yín lórí á gún régé. Ẹ ò tiẹ̀ ní dárúkọ fún un. Ẹ ṣáà jókòó níwájú rẹ̀, kó fọwọ́ kan ìpàkọ́ yín, kíá lá ti mọ̀ yín: "Ìyá Adéolú, irun yín tún ti já níbi etí! Kí lẹ fi pa á?"

Lọ́dún 1989, àwọn dókítà kan bá a ṣe iṣẹ́ abẹ, ojú rẹ̀ sì là. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kí ògiri. Mi ò parọ́ o, ó rò pé èèyàn ni! Ọmọbìnrin kan dúró tì í, ó ń sunkún ayọ̀, Wòsílátù sì ń wò ó bí àlejò. Ìgbà tó di ọwọ́ ọmọ náà mú ló tó pariwo: "Nùsírátù mi!"

Tísà Olúsànyà, ayálégbé wọn, gbé ọsàn kan àti páálí ìṣáná kan sórí tábìlì. "Ìyá Nùsírátù, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n o. Èwo ni ọsàn?"

Wòsílátù wò wọ́n títí tí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi. Ẹni tó ti bó ọsàn àìmọye! Ó ní òun ò mọ̀.

"Kò sẹ́ni tí wọ́n bí ìmọ̀ mọ́," ni Tísà wí. "Ohun tí ojú ò bá tíì bá pàdé, kò lè mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ yín ti kàwé jáde tipẹ́. Ojú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ praimárì wáànù ni."

Wòsílátù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tán nígbà tí yìgì Nùsírátù ku ọ̀la. Láti ọjọ́ tó ti bí ọmọ náà ló ti pinnu pé òun fúnra òun ni yóò di ṣùkú ọjọ́ ìgbéyàwó sí i lórí. Ó lajú sílẹ̀, ó mú ìlarun. Ìlà àkọ́kọ́ wọ́. Ó tú u. Ìkejì tún wọ́ jù ú lọ. Ìka rẹ̀ ń dúró de ojú, ojú ò sì mọ ọ̀nà. Ẹ̀rù bà á gidi. Àbí ojú tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gbà yìí ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun ni?

"Màámi, ṣé ká pe ẹlòmíì ni?" Nùsírátù béèrè jẹ́jẹ́.

"Láíláí! Orí tí mo ti mọ̀ látìgbà tí àwùjẹ̀ rẹ̀ ò tíì le?"

Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi di ojú ara rẹ̀ pinpin. Háà, ìka ta kìjí! Ó ń là, ó ń dì, ó ń fi ìyàwó ṣe yẹ̀yẹ́, títí gbogbo ìlà fi pàdé láàárín orí.

Lẹ́yìn náà ló tú ìborùn kúrò lójú. Ó gbé ìka lé ìlà kan níwájú, ó ń tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ìka. Ó tún un ṣe. Nígbà kẹta ó gbé ọwọ́ kúrò, ojú nìkan ló sì rìn ín dópin.

"Yéè! Mo rí i! Òun náà nìyí!"

Nùsírátù bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ́ dìde lọ mú dígí.

"Jókòó jàre," ni ìyá rẹ̀ wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Mi ò tíì wò ọ́ tán."