Pákó Tí Mo Kàn sí Ẹnu Ọ̀nà

Yàrá mẹ́jọ ló wà nínú ilé tí a gbé ní Ẹgbẹ́dá, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan sì la àárín wọn kọjá. Ilé ìdáná ti wà lẹ́yìnkùlé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá onílé ti sọ ọ́ di yàrá, ó sì ti fi ayálégbé síbẹ̀. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ni kálukú ń gbé sítóòfù sí. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, iná mẹ́jọ ló máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ nílẹ̀, kò sí èyí tó ga ju orúnkún lọ nínú wọn.

Ọdún 1990 kò tíì pé nígbà náà. Àkọ́bí mi, obìnrin, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, kò sì sí ohun tí kì í fọwọ́ kàn. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí, ìtọ́jú ilé ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Mo kó oògùn sórí àpótí aṣọ, mo gbé kẹrosíìnì kúrò lábẹ́ ibùsùn. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí káfíńtà gé pákó kan tó fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà, tó ga dé orúnkún mi, kó sì kàn án mọ́ férémù. Àgbàlagbà á gbẹ́sẹ̀ kọjá. Ọmọ kò lè kọjá.

Aránṣọ tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Aǹtí Tíṣà, ṣé adìyẹ lẹ fẹ́ máa sìn ni, àbí àgbò iléyá?”

“Ọmọ ni mò ń sìn.”

“Àwa náà ṣáà sin tiwa láìkan pákó. Àwọn nìyẹn lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń jẹ gúgúrú.”

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá onílé ní tiẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ onílẹ̀ ni, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni gbogbo wa ń tẹ̀. Ó dúró níwájú pákó náà, ó ní ọmọ tí wọ́n bá bí sílé òun, ọmọ gbogbo ilé ni. “Ta lò ń sá fún nínú wa, tíṣà? Ọwọ́ ta ni kò mọ́?” Ẹni tó gba ilé ìdáná lọ́wọ́ wa ló ń kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ. Nígbà tó kú, mi ò débẹ̀.

Oṣù méjì ni pákó yẹn fi wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ láti Èkìtì wá wo ọmọ. Ọkọ mi wo ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Ìyá mi ò ní í ká ìró sókè kó tó wọlé ọmọ rẹ̀. Yọ pákó yẹn.”

“Fún ọjọ́ mélòó?”

“Títí wọ́n á fi lọ ni, jàre.”

Ìyá náà dé ní ọjọ́ Sátidé. Kò ká ìró sókè. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, ó ń pè é ní ìyá mi, ìyá mi. Mo lọ fa omi ní kànga. Ó gbé ọmọ sílẹ̀ kó lè tú àpò èlùbọ́ tó gbé wá. Ẹ̀bà ni aránṣọ fẹ́ tẹ̀, omi rẹ̀ ti ń hó. Ọmọ mi rá dé ibẹ̀, ó di etí ìkòkò mú kó lè dìde.

Nígbà tí mo fi sáré dé, ẹnì kan ti fọ́ ẹyin tútù sí i lápá, awọ ara sì ti ń bá ẹyin bọ́ọ́lẹ̀. Apá òsì ni, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Oṣù mẹ́ta la fi ń lọ wẹ egbò ní ọsibítù. Apá náà kò nà tán títí dòní.

Ìyá ọkọ mi jókòó láàárín àwọn tó wá kí wa, ó ní, “Ìwé tó kà ni ò jẹ́ kó lè mójú tó ọmọ.” Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun lòun gbé ọmọ sílẹ̀. Ọkọ mi gbọ́, ó dìde, ó lọ bu omi fún àwọn àlejò. Mi ò dárí jì í.

Nígbà tí ọmọ náà dàgbà tó láti bi mí ní ohun tó ṣe apá òun, mo dá a lóhùn pé, “Bàbá rẹ ló ní kí a yọ pákó.” Mo sọ ọ́ lójú ọkọ mi. Kò já mi nírọ́.

Ó yẹ kó já mi nírọ́. Láàárọ̀ Sátidé yẹn, bó ṣe ń lọ pàdé ìyá rẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Fi pákó yẹn sílẹ̀ ṣá. Màá ṣàlàyé fún Màmá.” Ó ti lọ tán kí n tó yá háámà lọ́wọ́ aránṣọ. Èmi ni mo fa ìṣó yọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀rín inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti sú mi. Mo fẹ́ kí ìyá náà délé kó sọ pé ìyàwó rere ni ọmọ òun fẹ́.

Ọmọ mi kò bá bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ọkùnrin náà fi kú. Ọmọ yìí náà ló máa ń fi kọ̀ǹpútà bá mi tẹ ohun tí mo bá kọ. Ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo ti parí èyí. Ó bi mí lánàá bóyá mo ní iṣẹ́ fún òun, mo ní kò tíì sí.