Àǹtí Mi àti Bọ́tìnnì Aláago

Wọ́n ní àǹtí mi ti pa Aláago. Wọ́n ní tíì ló fi pa á: ó da nǹkan sí i, ọkùnrin náà mu ún, ó ní "ẹ ṣé o, Màdámù," ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ìyá Oníbúrẹ́dì tiẹ̀ ní òun mọ ibi tí òkú wà. Abẹ́ tábìlì tí a fi ń gé aṣọ ni. Mo bi í bóyá ó ti bẹ abẹ́ tábìlì náà wò rí. Ó ní ta ló máa bẹ irú ibẹ̀ yẹn wò, ṣé òun ò fẹ́ pẹ́ láyé ni?

Èmi ni mo ń jókòó sídìí tábìlì yẹn. Ẹsẹ̀ mi wà lábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí òkú bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, a jẹ́ pé òkú náà ní sùúrù.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ni àǹtí mi fi fa ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò ìyá mi ni, aránṣọ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nídìí iṣẹ́. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é, ìwé ìtàn ni. Kì í sì í ṣe ìtàn gidi o! Ìtàn ìpànìyàn tó ń pani lẹ́rìn-ín ni, irú èyí tí wọ́n máa bá òkú nínú ọgbà òdòdó lójú ewé kẹta, tí gbogbo ìlú á sì ti padà sídìí tíì wọn lójú ewé kẹrin. Òkú ibẹ̀ kì í rùn. Kì í ní ìyàwó tó ń sunkún. Ahun olówó kan ni ṣáá, tí tọmọdé tàgbà ti kórìíra tẹ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ò ní ọpọlọ, nítorí náà obìnrin kan tó ń ṣe kéèkì ni yóò wá apànìyàn rí. Ológbò kan á máa rìn káàkiri láìníṣẹ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó rẹwà, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, á sì máa wo obìnrin oníkéèkì náà bí ẹni tí ebi ń pa. Nígbà tí ìwé bá fi máa parí, wọ́n á ti mú apànìyàn, ọkùnrin náà á sì di obìnrin náà lọ́wọ́ mú.

"Àǹtí," mo bi í lọ́jọ́ kan, "gbogbo ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ yìí, ọwọ́ nìkan?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ìkánjú ló máa pa ọ́. Inú ìwé kẹrin ni wọ́n ti máa fẹ́ra."

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Bí àǹtí mi bá ka ìwé kan tán, á fi àlùmọ́gàjí gé ojú ewé ìkẹyìn kúrò, á fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́ ẹ̀yìn dígí. Ẹni tó bá fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó fura sí, lójú gbogbo wa. Bí o bá tú àṣírí fún ẹni tí kò tíì dárúkọ, gbogbo aṣọ tó nílò títú lọ́sẹ̀ náà di tìrẹ. Bí o bá ti tú ojú rírán ṣòkòtò mẹ́wàá rí, wàá mọ bí a ṣe ń panu mọ́.

Òfin yìí ló fa gbogbo wàhálà.

Aláago ni ọkùnrin tó ń tún aago ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tiwa. Ó lè bá aago sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n bó bá rí obìnrin báyìí, ahọ́n rẹ̀ á wú. Lọ́jọ́ kan, ó gbé kóòtù aláwọ̀ eérú kan wá, bọ́tìnnì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màdámù. Ó já."

Àǹtí mi rán an. Kò pẹ́, ó tún dé. "Ẹ káàárọ̀, Màdámù. Ó tún já." Bọ́tìnnì mẹ́rin péré ló wà lára kóòtù yẹn, ṣùgbọ́n jíjá wọn pọ̀ ju ti aṣọ ọmọ ogun lọ. Á jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa, á máa wo bàtà rẹ̀ títí a ó fi rán an tán, á sì lọ.

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ojú fèrèsé ni mo wà tí mo ti rí i. Aláago dúró níwájú aago ńlá rẹ̀, ó fi abẹ kékeré gé bọ́tìnnì kúrò lára kóòtù, ó ya irun rẹ̀ nínú dígí aago náà, ó sì ń dánra wò: "Ẹ káàárọ̀, Màdámù." Ó mi orí. "Màdámù, ẹ káàárọ̀." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú. Ṣùgbọ́n àǹtí mi ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì fẹ́ tú ṣòkòtò.

Àṣé òun náà ti ń ṣọ́ nǹkan. Lọ́jọ́ kan, ó gbé okùn bọ́tìnnì síbi ìmọ́lẹ̀, ó fẹjú mọ́ ọn.

"Okùn yìí ò já. Wọ́n gé e ni."

Mo ní, ó tán, lónìí ni àǹtí wa máa lajú.

Bí Aláago ṣe dé, àǹtí mi ti ilẹ̀kùn. Ó bu tíì fún un, nítorí nínú ìwé tó ń kà, wọn kì í ká ènìyàn mọ́ pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ.

"Ọ̀gá, ẹ jókòó. Mo ti mọ̀."

Ojú Aláago tàn. "Ẹ ti mọ̀?"

"Ó pẹ́."

"Màdámù, ó ti ń ṣe mí bíi kí n sọ ọ́, ẹnu mi ni ò..."

"Ẹ jẹ́wọ́! Aránṣọ tó ń bá mi du oníbàárà ló rán yín, àbí? Kí aráyé lè máa sọ pé okùn mi ò lè di bọ́tìnnì mú!"

Mo bo ojú mi. Ẹni tó lè mọ̀ lójú ewé kẹta pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń fẹ́ obìnrin oníkéèkì, òun ló wá jókòó ti ọkùnrin alààyè, kò sì mọ nǹkan kan! Aláago la ẹnu bí ẹja, ó dìde, ó gbàgbé kóòtù sórí bẹ́ǹṣì, ó jáde. Ìyá Oníbúrẹ́dì sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀, tó ń gbọ́ "ẹ jẹ́wọ́, ẹ jẹ́wọ́."

Lọ́jọ́ kejì, àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà Aláago. Kóòtù rẹ̀ sì ń fì lára ìkọ́ wa láìní olúwa. Kí lẹ tún ń wá? Òkú ti délẹ̀.

Àǹtí mi ò ṣí ìwé mọ́. Ó rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan gùn ju èkejì lọ. "Ṣé ibẹ̀ ṣì wà ní títì?" Bó ṣe ń bi mí láràárọ̀ nìyẹn, bí ẹni tí kò bìkítà.

Nígbà tó yá, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Àǹtí, ẹ ti dárúkọ ẹni tí ẹ fura sí lójú mi. Òfin ò dè mí mọ́. Ṣé kí n ka ojú ewé ìkẹyìn fún yín?" Mo sọ ti abẹ, ti irun, àti ti "Màdámù, ẹ káàárọ̀."

"Ó gé e... kó lè wá rí mi?"

"Rárá o, kó lè wá wo maṣíìnì ìránṣọ. Amí wo ló ń yarun kó tó lọ ṣiṣẹ́ ibi?"

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Bọ́tìnnì kejì."

"O ò sì sọ!"

"Òfin ta ni?"

Ó sọ tìmùtìmù abẹ́rẹ́ lù mí. Lẹ́yìn náà, ó rán bọ́tìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ kóòtù náà, ó wọ bàtà tó dára, ó sì gba ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n Aláago lọ, níbi tí ọkùnrin náà sá sí. Ìrọ̀lẹ́ ló padà. Ó ń rẹ́rìn-ín sí ògiri.

"Kí ló wí, Àǹtí?"

"Kò wí nǹkan kan. Ó dì mí lọ́wọ́ mú."

"Ọwọ́ nìkan?"

"Dákẹ́ ẹnu rẹ, jàre."

Ìgbéyàwó wọn ti kọjá báyìí, Aláago sì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n Ìyá Oníbúrẹ́dì ò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ẹni tí a ń rí yẹn kì í ṣe Aláago.

Láàárọ̀ yìí, mo tú ẹ̀gbẹ́ kóòtù aláwọ̀ eérú náà, mo fi ìwọ̀n ìka méjì kún un, nítorí Aláago ti sanra.