Ààyè Otia Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pósí

Apá ọ̀dọ̀ àwọn Jọ́jíà ni dáàmù tó sé odò Inguri wà. Apá ọ̀dọ̀ àwọn Abkhaz ni ilé ẹ̀rọ tó ń sọ omi rẹ̀ di iná. Kò sí èyí tó lè dá iná tàn. Nígbà tí ogun sọ odò náà di ààlà, tí àwọn Abkhaz sun ilé àwọn Shonia, ẹbí Jọ́jíà kan ní Gali lápá ọ̀dọ̀ wọn, gbogbo ẹbí sá kọjá odò. Otia, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀rọ náà, nìkan ló dúró ti ẹ̀rọ. Ó ní bí ẹ̀rọ náà bá bàjẹ́, tọ̀tún-tòsì ni yóò ṣókùnkùn.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Murman tó ń ṣiṣẹ́ ní dáàmù pè é lórí fóònù. “Otia, ṣọkàn akin. Màmá rẹ ti lọ.”

Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ Daur, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun Abkhaz tó ń ṣọ́ ilé ẹ̀rọ.

“Máa lọ,” ni Daur wí. “Àmọ́ kí o tètè padà. Àwa ń pè ọ́ ní ti àwọn Jọ́jíà, àwọn ń pè ọ́ ní tiwa. Àdán ni ọ́, o ò ṣeku, o ò ṣẹyẹ.”

Otia kọjá afárá pẹ̀lú irùngbọ̀n ọ̀fọ̀ tí kò fá. Nílé tí ẹbí rẹ̀ háyà ní Zugdidi lápá àwọn Jọ́jíà, àwọn ọkùnrin ilé tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí bí àṣà, àwọn àlejò ń yí òkú ká, wọ́n ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Otia fẹ́ bọ́ sí ààyè ọmọ láàárín àwọn ọkùnrin ilé. Jondo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na apá dí i.

“Ibo lò ń lọ?”

“Bọ̀ọ̀dá, ìyá mi ni.”

“Inú ilé onílé ló kú sí. Ìwọ ń tanná fáwọn tó sun tiẹ̀.”

“Ẹ̀yin náà ń lo iná ọ̀hún.”

“Ìdí nìyẹn tá a fi tan àbẹ́là.”

“Jondo, fi í sílẹ̀!” Àǹtí wọn, Tsiuri, bú sẹ́kún. “Ọmú kan náà lẹ jọ mu!”

Jondo ò gbápá kúrò. Àwọn èrò tó wà lẹ́yìn ti ń taari Otia. Otia yí pósí ká bí àlejò, ó fọwọ́ kan iwájú orí ìyá rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ kú àfẹ́kù.”

“A dúpẹ́,” ni Jondo wí, láì wojú rẹ̀.

Ní itẹ́ òkú, ẹ̀yìn pátápátá ni Otia dúró sí. Obìnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n bi í pé, “Ẹ mọ màmá yìí ni?”

“Mo máa ń jẹun lọ́dọ̀ wọn,” ni Otia wí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da yẹ̀pẹ̀.